Pọ́ǹpù Tí Yóò Gun Òkè

"Ó ti dáhùn!" Ikrimah pariwo, ó sì fi ọwọ́ gbá orí ọkọ̀ Bẹ́ǹsì àtijọ́ náà.

Lóòótọ́ ni. Ẹ́ńjìnnì tó ti dákẹ́ láti ìgbà òjò ń dún ní àgbàlá Bàbá Awóyẹmí ní Òmù-Àrán. Tómilọ́lá yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀. Eruku àti ọ́ìlì ti bo apá rẹ̀. Ọdún tó kẹ́yìn ló wà ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Òun àti Ikrimah jọ ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì nígbà ìsinmi. Ọkọ̀ Bàbá Awóyẹmí, tó bí bàbá Tómilọ́lá, ni wọ́n ń tún ṣe yìí.

Bàbá Awóyẹmí dìde lórí àga. Kò rẹ́rìn-ín. Kì í sábà rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ó lè gbé wa dé oko?"

"Ó lè gbé wa dé Ìlọrin, Bàbá!" Ikrimah dáhùn.

"Mi ò bi ọ́ ní ti Ìlọrin."

Oko iṣu Bàbá wà lẹ́yìn òkè. Bẹ́ǹsì náà ló fi ń kó iṣu wálé. Láti ìgbà tó ti bàjẹ́, ọ̀kadà ló ń gbé e lọ, orúnkún rẹ̀ kò sì fẹ́ ọ̀kadà mọ́. Gbogbo mẹkáníìkì tó wo ọkọ̀ náà ló ní ẹ́ńjìnnì ti kú. Abdulfatah, tó ń ra ọkọ̀ ògbólógbòó láti tú u tà, ti wá bẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá sì ti fún un lọ́rọ̀: bí ọkọ̀ náà kò bá dé oko kí Jímọ̀ tó kọjá, kó wá gbé e. Bàbá Awóyẹmí kì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Tómilọ́lá nìkan ló sọ pé ẹ́ńjìnnì kò kú. Pọ́ǹpù tó ń fa epo láti inú táńkì ló kú. Òun àti Ikrimah lọ ra òmíràn ní ìsọ̀ Ìyá Jàmílàt, tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ tòkunbọ̀. Wọ́n gbé àwọn pọ́ǹpù sínú abọ́ kẹrosíìnì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n so wọ́n mọ́ bátìrì. Èyí tó tú kẹrosíìnì jìnnà jù ni wọ́n mú. Bí gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀bù ṣe ń yan pọ́ǹpù nìyẹn. Wọ́n tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Tómilọ́lá tẹ iná mọ́ ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ díẹ̀. Òun gbọ́ ọ. Ikrimah náà gbọ́ ọ.

Bàbá mú kọ́kọ́rọ́. "Ọ̀nà méjì ló lọ sóko," ó wí. "Títì yí òkè po, ó tẹ́jú, àmọ́ bí òjò bá rọ̀ omi á gé e. Èkejì gun òkè. Ìwọ lo tún ọkọ̀ ṣe. Èwo ni ká gbà?"

Ikrimah sún mọ́ ọn létí. "Sọ pé títì. Jọ̀ọ́. Bó bá ti dé oko, ọ̀rọ̀ parí. Abdulfatah á wábi gbà."

Tómilọ́lá mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọkọ̀ náà á dé oko, Bàbá kò sì ní tà á. Ṣùgbọ́n ó ń wo ọjọ́ mìíràn lọ́kàn rẹ̀: òjò ti gé títì, iṣu kún ọkọ̀, Bàbá nìkan ló ń wà á, ọkọ̀ sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín òkè.

"Ọ̀nà òkè ni, Bàbá."

"Orí ẹ ti dàrú," Ikrimah wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Wọn kò tíì gun òkè náà dé ìdajì tí ọkọ̀ fi wúkọ́, tó ta gìrì, tó sì kú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn. Bàbá fa bíréèkì ọwọ́. Ikrimah bẹ́ sílẹ̀, ó ki òkúta sẹ́yìn táyà. 

Kò pẹ́ tí Abdulfatah fi gun alùpùpù rẹ̀ dé. Ó dúró.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Ṣé kí n kúkú máa gbé e lọ láti ibí? Ó ti kọjú sí ilé mi náà."

"Jímọ̀ ò tíì dé," Bàbá fèsì.

"Ọ̀la mà ni. Tí mo bá kírun tán, ẹ máa rí mi."

Wọ́n rọra jẹ́ kí ọkọ̀ yí padà wálé. Ikrimah ń bínú. "Ṣó o rí i? Ẹnu ara ẹ lo fi tà á."

Tómilọ́lá jókòó sórí táyà kan. Nígbà tó yá, ó béèrè pé, "Ikrimah, kí ló dé tí kò kú ní ilẹ̀ títẹ́jú?"

"Kí ni mo mọ̀?"

"Torí pé níbẹ̀, díẹ̀ ni epo tó ń mu. Nínú ọkọ̀ tuntun, iná ló ń ṣí ẹnu tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Nínú Bẹ́ǹsì àtijọ́ yìí, epo fúnra rẹ̀ ló ń ti ẹnu náà ṣí. Pọ́ǹpù tí a rà ń tú epo jìnnà, àmọ́ kò lágbára tó láti tì í ṣí dáadáa. A ò dán an wò bó ṣe yẹ."

Wọ́n padà sí ìsọ̀ Ìyá Jàmílàt. Ó wá pọ́ǹpù kan jáde tí wọ́n tú lára Bẹ́ǹsì bí i ti Bàbá. Ó wúwo. Nígbà tí wọ́n so ó mọ́ bátìrì, kẹrosíìnì tó tú jáde kò tó nǹkan. Àwọn ọmọ ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Èyí ń tọ̀ bí arúgbó!"

"Fi àtàǹpàkò dí ẹnu ti àkọ́kọ́," Tómilọ́lá wí.

Ikrimah dí i. Kẹrosíìnì dúró.

"Dí ti èkejì."

Ikrimah tẹ àtàǹpàkò mọ́ ọn. Kẹrosíìnì ti ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó fọ́n sí i láyà, ó sì fọ́n sára Ìyá Jàmílàt.

"Ikrimah! Ìró mi tuntun!"

Tómilọ́lá so géèjì, tó ń wọn agbára tí epo fi ń tì, mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ géèjì kò dé ibi tí Bẹ́ǹsì ń fẹ́ lára ti àkọ́kọ́. Lára ti èkejì, ó dé ibẹ̀, ó sì kọjá díẹ̀.

"Ṣé kò ní pọ̀ jù?" Ikrimah béèrè. Kò ṣàwàdà mọ́.

"Ọkọ̀ náà ní ọ̀nà tó ń gbà dá àṣẹ́kù padà sí táńkì. Rọ́bà epo ògbólógbòó yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Kò ní gba agbára yìí. Ìyá Jàmílàt, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ rọ́bà tó nípọn."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti de gbogbo rẹ̀ pinpin.

Láàárọ̀ Jímọ̀, Bàbá kò béèrè ọ̀nà. Ó yà sí ọ̀nà òkè. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọkọ̀ ti kú lánàá, Tómilọ́lá di ìlẹ̀kùn mú. Ẹ́ńjìnnì bú, ó fà, ó sì ń lọ. Wọ́n yọ sórí òkè. Ikrimah hó bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Ní oko, Bàbá ní, "Ẹ kó iṣu sí i." Wọ́n kó o títí ẹ̀yìn ọkọ̀ fi tẹ̀ wálẹ̀. Ẹ̀yìn òkè náà ga ju iwájú lọ. Bẹ́ǹsì gùn ún pẹ̀lú ẹrù.

Abdulfatah ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú okùn. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó mú iṣu kan, ó nà án sí i.

"Gbà. Èyí ni mo ní fún ọ."

Abdulfatah wo ọkọ̀, ó wo iṣu, ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ta ló tún un ṣe?"

"Ọmọ mi." Bàbá tún un wí sókè, kí àwọn tó wà lójúde lè gbọ́. "Ọmọ mi ni."

Nígbà tí Abdulfatah lọ, Bàbá pe Tómilọ́lá. "Mo mọ̀ pé títì rọrùn. Ká ní o mú mi gba ibẹ̀, mi ò ní wí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mi ò bá tí fi ọkọ̀ mi sí ọwọ́ rẹ láéláé." Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó sì wọlé.

Ká ní Tómilọ́lá yan títì lọ́jọ́ náà, kì bá tí mọ̀ pé pọ́ǹpù òun kò lágbára. Òkè tó dójú tì í ló fi àṣìṣe rẹ̀ hàn án, ó sì ráyè tún un ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, ẹ dán iṣẹ́ yín wò níbi tó ti le, kí ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé yín tó débẹ̀.