Pèrègún Tó Lẹ́sẹ̀

Láti kékeré àwọn ọmọ Bàbá Auko ni pèrègún ààlà oko kọfí rẹ̀ ti wà lójú kan. Àfi bí ilẹ̀ ṣe mọ́ lọ́jọ́ ẹjọ́, tí gbogbo pèrègún kó ẹsẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n lọ tò sínú oko Hasiro, àkọ́bí bàbá náà!

"Olè! Àbúrò mi jí ilẹ̀ mi!" Igbe Hasiro fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìlú Goroka.

Inspẹ́kítọ̀ Tarove dé, ikùn ṣáájú, fìlà tẹ̀lé e. Ọmọ òkè ibẹ̀ lòun náà. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá ṣí ààlà nípò, ilẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Kí Bàbá Auko tó kú ló ti fa oko ìsàlẹ̀, tó bá ti Hasiro pààlà, lé Mogia, ọmọ rẹ̀ obìnrin, lọ́wọ́. Hasiro ní obìnrin kì í jogún ilẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni adájọ́ ń bọ̀, kọfí Mogia sì ti pọ́n wẹ̀ẹ̀.

Igi tí obìnrin fi ń wa ọ̀dùnkún wà nílẹ̀ nítòsí pèrègún.

"Ta ló nigi yìí?"

"Èmi ni, ọ̀gá," Mogia dáhùn. "Àtàná ni mo ti ń wá a."

"Ẹ gbọ́ irọ́!" Hasiro pàtẹ́wọ́. "Ọ̀gá, ẹ gbé e! Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná!"

"Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí bàbá ń ṣàìsàn, ẹsẹ̀ ń dùn yín, ẹ ò lè wá. Ṣé ilẹ̀ ló wá wo ẹsẹ̀ ọ̀hún sàn?" Mogia yíjú sí Tarove. "Ọ̀gá, amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́; ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀."

Tarove fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ sí Mogia lọ́wọ́. Èrò hó yèè. Hasiro bẹ́ sí ijó.

"Ó dáa," ni Tarove wí, "ẹ jẹ́ n wá wo ìsàlẹ̀ ọ̀hún."

Ó fa pèrègún kan tu. Egungun àgbọ̀n ẹlẹ́dẹ̀, tó ti dúdú, yọ lábẹ́ rẹ̀.

"Mogia, kí lèyí?"

"Egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ta ló jẹ ẹ́ síbẹ̀?"

"Hasiro, ìwọ ńkọ́?"

"Èmi? Pàǹtírí ni, ọ̀gá."

"Pàǹtírí? Kò burú." Tarove súfèé sí ajá kan, ó sì ju egungun náà sí i.

"Ẹ má fún un!" Hasiro ti dì mọ́ ajá, ó ń bá a du egungun. "Ti ààlà ni! Bàbá á pa wá!"



"Ẹ káàbọ̀, ẹlẹ́rìí mi," ni Tarove wí. "Lábúlé yìí, wọ́n máa ń lé obìnrin jìnnà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbin ààlà. Ọkùnrin nìkan ló ń rí egungun tí wọ́n ń sin sábẹ́ ẹ̀ kí àwọn òkú lè máa ṣọ́ ààlà. Ká ní Mogia ló ṣe é, pèrègún nìkan ni ì bá gbé. Egungun ì bá wà ní kòtò àtijọ́. Ọkùnrin tí ẹ̀rù òkú ń bà ló kó o tẹ̀lé e. Ọkùnrin wo ló máa jèrè bí Mogia bá pàdánù? Ta ló sì pe ohun tó mọ̀ ní pàǹtírí?"

"Ọ̀gá," Hasiro kérora, "ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Ọwọ́ ni kó o kọ́kọ́ gbé wá."

Ṣẹkẹṣẹkẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Mogia, ó kó sí ti Hasiro. Nígbà tí adájọ́ dé, Mogia ti wà láàárín kọfí rẹ̀, ó ń já a, ó ń kọrin. Pèrègún náà sì ń rìn padà sílé, lórí Hasiro, ajá ń tẹ̀lé e lẹ́yìn.