Wáyà Tí Kò Sí Lábẹ́ Rọ́ọ̀gì

Kò sí wáyà níbẹ̀. Alábòójútó fi ìdí ṣíbí gbé etí rọ́ọ̀gì gbọ̀ngàn ìpàdé ìlú sókè, ó ká a títí dé ẹsẹ̀ pèpéle, eruku àti òkú aáyán nìkan ló bá. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó tún ká a. Símẹ́ńtì lásán ló ń wò ó lójú. Lókè orí rẹ̀, àmì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ya etí sí wà lára ògiri, ó ń sọ fún ẹni tí etí rẹ̀ wúwo pé kó jókòó, kó fọkàn balẹ̀, yóò gbọ́.

Ó gun àga, ó tú àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà, èyí tí iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ kì í kú tọ̀sán-tòru. Ó ṣí i. Bátìrì kan, gílóòbù kan tí kò tó ẹyọ àgbàdo, àti àfọ́kù táìsì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ kí ó lè wúwo lọ́wọ́.

"Mo gbé o," ló wí.

Iṣẹ́ Alábòójútó ni láti rí i pé ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ rìn, ẹni tí kò ríran àti ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa rí ọ̀nà lò nínú gbogbo ilé ìjọba ìlú náà. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ ọ̀hún dénú eegun. Inú rẹ̀ dùn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀rọ inú gbọ̀ngàn yìí fún un: wọn yóò tẹ́ wáyà yí àwọn ìjókòó ká lábẹ́ rọ́ọ̀gì, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú máìkì yóò gba inú wáyà náà kọjá bí iná, yóò sì di agbára òòfà, wáyà wínníwínní tó wà nínú ẹ̀rọ etí yóò fa agbára náà, yóò sọ ọ́ di ohùn padà. Bí gbogbo gbọ̀ngàn tilẹ̀ ń pariwo, ohùn ẹni tó di máìkì mú nìkan ni ẹlẹ́rọ etí yóò máa gbọ́, bí ẹni pé wọ́n jọ fẹnu kò sọ́rọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe dán an wò lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí? Agbaṣẹ́ṣe tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Kòsíwàhálà, nítorí pé kò ní ìdáhùn mìíràn fún ìbéèrè kankan, gbé máìkì sẹ́nu, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o!" Gbọ̀ngàn dún. Alábòójútó pàtẹ́wọ́, ó sì fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ pé. Sípíkà ara ògiri ló gbọ́! Etí tirẹ̀ tó dá ṣáṣá ló fi dán ohun tí wọ́n ṣe fún ẹni tí kò gbọ́ràn wò.

Bàbá rẹ̀ ló wá san án. Télọ̀ ni Bàbá, ẹ̀rọ wà létí rẹ̀ méjèèjì. Níbi ìpàdé tí wọ́n ti pín ṣọ́ọ̀bù ọjà nínú gbọ̀ngàn yìí, alága ìpàdé bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ ṣì nílò tiyín?" Bàbá rò pé ìyàwó òun ni wọ́n ń béèrè. "Ó ti kú," ló fi pẹ̀lẹ́ dáhùn. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n Alábòójútó ti ń sọ kiri pé orí Bàbá ti ń dàrú. Ó gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ní, "Ẹ̀rọ inú gbọ̀ngàn yín kò ṣiṣẹ́." Alábòójútó fi dá a lóhùn pé, "Bàbá, etí yín ni." Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ro ohun tó yẹ kó ti rò tipẹ́. Ó yá ẹ̀rọ kan létí Bàbá, ó fi sí etí ara rẹ̀, ó yí i sí ibi tó ti ń gba agbára òòfà. Nídìí máṣíìnì ìránṣọ tó ń fi iná ṣiṣẹ́ nílé, ẹ̀rọ náà ń kùn bí oyin. Nínú gbọ̀ngàn, ó tan máìkì, ó sọ̀rọ̀ sí i, ẹ̀rọ náà pa kẹ́kẹ́.

Nígbà tó ti ká rọ́ọ̀gì, tó sì tú àpótí tán, ó pe Kòsíwàhálà. Kò pẹ́ tó fi dé, lọ́fínńdà rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé.

"Wáyà dà?"

"Ìyá wa, kò sí wàhálà. Ayé àtijọ́ ni wọ́n ń lo wáyà. Afẹ́fẹ́ ni tèmi ń gbà."

"Àfọ́kù táìsì ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ọ̀hún?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó rọra ti ilẹ̀kùn. "Ta ló fọwọ́ sí i?"

Alábòójútó wo àfọ́kù táìsì ọwọ́ rẹ̀.

"Mo ní ta ló fọwọ́ sí i? Ẹ̀yin ni. Bí mo bá jìn sí kòtò, etí aṣọ yín ni màá dì mú. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá yọ́ wá tẹ́ wáyà. Ẹnu yín, ẹnu mi."

Alábòójútó ro iṣẹ́ rẹ̀, ó ro orúkọ rẹ̀. "Ó dáa," ló sọ.

Nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jókòó sídìí tábìlì. "Àbúrò, mo ti rí ẹni tó máa gba ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń kó wọlé." Bàbá ń wò wọ́n lẹ́nu níkọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Alábòójútó la ẹnu.

"Ṣé o fẹ́ sọ nǹkan ni?"

"Rárá."

Ó fi ẹ̀rọ etí tó yá lé Bàbá lọ́wọ́, ó sì dìde nídìí oúnjẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ bá ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì, ó ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tí orúnkún ń dùn ún ló gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ kò wá lánàá?"

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù yín ti fún un láyè sá lọ."

Òótọ́ ni. Òun àti ọlọ́pàá náà bá ilẹ̀kùn Kòsíwàhálà ní títì, fóònù rẹ̀ ti kú. Kòsíwàhálà ń lọ láti ilé ìjọba kan tó ti gbaṣẹ́ sí òmíràn, ó ń tú àwọn àpótí rẹ̀ kí ẹ̀rí má baà sí. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan ní, "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde báyìí!" Wọ́n sáré dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ọkọ̀ rẹ̀ gba inú ọ̀gọ̀dọ̀ kọjá lára wọn, ó fi ẹrẹ̀ wẹ ọlọ́pàá látòkè délẹ̀. Ní ilé ẹjọ́ ni wọ́n ti bá a, lórí àkàbà, ọwọ́ rẹ̀ nínú àpótí.

"Sọ̀ kalẹ̀!"

Dípò kó sọ̀, ó fò mọ́ etí fèrèsé, ó fẹ́ gba ibẹ̀ sá jáde. Fèrèsé wà ní títì. Alábòójútó kò dúró rò ó, ó gbé àkàbà kúrò.

"Ìyá wa, ẹ dákun, ẹ gbé e padà! Ọwọ́ ń ro mí!"

"Kò sí wàhálà," ni ọlọ́pàá wí, ó ń nu ẹrẹ̀ lójú. "A ní àsìkò."

Ní àgọ́, Kòsíwàhálà tún yí ohùn padà. Àtúnṣe lòun ń ṣe. Ọgbọ́n òyìnbó tuntun ni, afẹ́fẹ́ ló ń gbé ohùn. Òun sì ní ẹlẹ́rìí, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ etí, tó ń gbọ́ kedere nínú gbọ̀ngàn.

"Ẹ jẹ́ kó wá," ni Alábòójútó wí. "Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn wá."

Nígbà tó fi di ọ̀sán, wọ́n ti dá àpótí padà sára ògiri gbọ̀ngàn, iná rẹ̀ sì ń tàn. Bàbá àti àwọn mìíràn tó ń lo ẹ̀rọ etí jókòó, ẹlẹ́rìí náà láàárín wọn. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí yàrá onígíláàsì tí wọ́n ti ń darí ohùn. Wọ́n pa sípíkà. Wọ́n kọ ọ́ sójú pátákó pé ẹni tó bá gbọ́ ohùn kó nawọ́. Alábòójútó gbé máìkì wọ yàrá náà, ó ti ilẹ̀kùn. Kòsíwàhálà dúró níwájú wọn, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́.

Ó rọra gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹlẹ́rìí nawọ́. Òun nìkan.

"Kí lo gbọ́?" ni ọlọ́pàá bi í.

"Ó kí wa ni, ọ̀gá. Ó ní a kú ìkàlẹ̀. Ohùn yẹn já gaara!"

Alábòójútó jáde. Ó tu omi tó kún ẹnu rẹ̀ sínú ife, kí ó tó lè sọ̀rọ̀. "N kò tíì la ẹnu."

Ọlọ́pàá yọ ẹ̀rọ létí ẹlẹ́rìí, ó ṣí i. Kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Ojora mú ọkùnrin náà. "Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni mí, ọ̀gá! Òun ló bẹ̀ mí, ó ní kí n máa wo ẹsẹ̀ òun!"

Kòsíwàhálà tẹ orí ba. "Mo ṣe é. Kò sí wáyà níbì kankan. Àwọn tó ń gbọ́ràn ló máa ń wá dán an wò. Ẹnikẹ́ni ò bi àwọn tó ni ín rí." Ó wo Alábòójútó bó ṣe sọ ọ́, Alábòójútó kò sì lè wò ó lójú.

Nígbà tí wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sójú pátákó, ìyá àgbà kan bú sẹ́kún. "Mo ti ní kí wọ́n má mú mi wá sípàdé mọ́. Mo rò pé èmi ni mo ti tán." Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n ránṣẹ́ pè, fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sí àtẹ́lẹwọ́ Bàbá. 

Ọ̀gá àgbà kò lé Alábòójútó, ṣùgbọ́n ó pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ dá fọwọ́ sí iṣẹ́ mọ́. Àfi kí ẹni tí wọ́n ṣe é fún kọ́kọ́ ní ó dára. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ mìíràn tẹ́ wáyà tòótọ́, Bàbá ni wọ́n pè. Ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí yàrá onígíláàsì. Alábòójútó gbé máìkì. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá náà.

"Bàbá, ẹ̀rọ yín kò bàjẹ́. Orí yín kò dàrú. Èmi ni mo fọwọ́ sí irọ́, nígbà tí mo sì mọ̀, mo tún panu mọ́. Ẹ dárí jì mí."

Bàbá nawọ́. Kò yíjú padà.

"Mo gbọ́," ló wí. "Tún un sọ."