Ibi Tí Aymar Kò Dé Rí

"Ẹ sún mọ́ mi, Màmá," ni Judith wí, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ká etí òsì ìyá ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbóhùn sókè. "Tonton Aymar ní kí n kí yín! Ó ní òun lọ sí èbúté àtijọ́ láàárọ̀ àná. Àwọn apẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já ẹja sílẹ̀, ẹja ṣì ń jà lórí àtẹ. Oòrùn sì ń ràn sórí ọkọ̀ ojú omi funfun tí kò lóǹkà!"

"Tó mélòó?" ni Màmá béèrè.

"Kò lóǹkà, Màmá!"

Màmá rẹ́rìn-ín. Gbogbo àgbàlá bá a rẹ́rìn-ín.

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí etí Màmá ti wúwo. Kò ṣeé bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́, ariwo lásán ló ń gbọ́ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí Aymar, àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó wà ní Marseille, tí Judith ń pè ní Tonton, fi ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Judith ní Faransé tó kọ́ nílé ìwé, kí Judith lè máa fi Yorùbá pariwo rẹ̀ sí Màmá létí. Adèle, ìyá Judith tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Aymar, kò mọ̀wé, fóònù kékeré aláìláwòrán ló sì ń lò. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wà nídìí aṣọ tó ń tà ní ọjà Treichville. Judith nìkan ló wà láàrin ọmọ àti ìyá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, kò sì mọ bí iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ṣe tóbi tó.

Nígbà tó jẹ́ pé ariwo ló fi ń jíṣẹ́, kò sí àṣírí nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn ará àgbàlá a gbé àpótí ìjókòó wọn wá sí ẹnu ọ̀nà Màmá. Bàbá Lábọ̀dé, alàgbà ìjọ wọn, ló máa ń kọ́kọ́ dé. Àwọn kan a tilẹ̀ mú alókò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín gbígbóná, wá fún Judith, kí ọ̀fun rẹ̀ má baà gbẹ kí ìròyìn tó tán. Wọ́n sọ ọ́ ní "Ìyá Marseille". Ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́, ọmọ wo ni wọ́n máa fún ní alókò àti oyè lẹ́ẹ̀kan náà tí orí rẹ̀ ò ní wú?

Ṣùgbọ́n Aymar kò lọ sí èbúté kankan. Ohun tó kọ lọ́sẹ̀ náà kò ju èyí lọ: "Bá mi kí Màmá. Mo ṣì ń wá iṣẹ́. Ara ń dùn mí díẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe máa ń rí. Nígbà àkọ́kọ́ tí Judith jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bó ṣe gbà á, kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í dun Aymar, Màmá doríkodò, ó ní, "Ṣé kò rí nǹkan kan ní ìlú òyìnbó ọ̀hún ni?" Àwọn aládùúgbò gbé àpótí wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Inú Judith bàjẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tú inú fóònù, ó rí ojú ìwé kan tí wọ́n kọ fún àwọn àlejò, nípa àwọn ibi tí ẹni tó bá dé Marseille kò gbọdọ̀ fojú fò. Ìlú oòrùn, ìlú òkun, ni wọ́n kọ sókè rẹ̀. Àwòrán wà níbẹ̀, àlàyé sì wà. Díẹ̀díẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bù ú sí i bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Nígbà tó yá, iyọ̀ nìkan ló kù nínú ìkòkò.

Ó mú Aymar gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí ère Màríà aláwọ̀ wúrà wà lórí rẹ̀, tó ń wo òkun. Ó ní Aymar tan àbẹ́là kan níbẹ̀ ní orúkọ Màmá. Màmá sunkún ayọ̀. Nígbà tí ọjọ́ Àìkú mìíràn pé, ìyá arúgbó náà dìde láàrin ìjọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ọmọ òun sí ibi ire, gbogbo ìjọ sì ṣe àmín. Judith wà láàrin àwọn akọrin, ilẹ̀ ló ń wò. Ẹ̀rù bà á díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n délé, tí àwọn ènìyàn ti jókòó, ó fi Aymar sínú ọkọ̀ ojú omi, ó gbé e lọ sí erékùṣù tí ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ wà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Judith ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Marcory, ó ń lọ sílé ìwé, ni fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

"Judith, ilé ìwòsàn ni mo wà. Wọ́n ní ọkàn mi kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Sọ fún Màmá, kí o sì sọ fún ìyá rẹ. N kò béèrè nǹkan kan. Ohùn Màmá nìkan ni mo fẹ́. Kí ó kì mí bó ṣe máa ń kì mí ní kékeré, kí o gbà á sílẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ gbọ́ ọ kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi."

Judith kà á lẹ́ẹ̀mẹta lójú títì. Ó fẹ́ràn Tonton Aymar gan-an, òun ló ra fóònù náà fún un kó tó lọ. Ohun tó ní kó ṣe kò lè gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n Màmá yóò béèrè ìgbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí Aymar ti ń kọ ọ́ pé ara ń dùn òun, tí Judith ń gbé e mì. Màmá àti Adèle yóò ní kó ka gbogbo rẹ̀. Ojú Bàbá Lábọ̀dé ni ó kọ́kọ́ rí lọ́kàn, lẹ́yìn náà ló wá rí ti Màmá.

Ó sọ ọ́ fún Bérénice, ọ̀rẹ́ rẹ̀, nígbà ìsinmi.

"La go, y a fohi," ni Bérénice wí, ó ń jẹ ìpápánu góńgóńsú lọ. "Kò sí wàhálà níbẹ̀. Dókítà òyìnbó mà ni. Jẹ́ kí vendredi, ọjọ́ Ẹtì yẹn, kọjá. Tó bá ti jí, o lè wá sọ fún ìyá àgbà pé ó ṣàìsàn, ó sì ti yá. Kí lo fẹ́ máa dẹ́rù ba arúgbó fún?"

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Judith, torí ohun tó ń wá kiri nìyẹn. Ó kọ̀wé sí Aymar pé, "Màmá ti gbọ́, Tonton. Ó ń gbàdúrà fún yín." Èsì dé kíákíá: "Ọlọ́run ṣeun. Ohùn rẹ̀ ńkọ́?" Judith dáhùn pé, "Réseau fóònù ò dáa lónìí. Ó di ọ̀la." Bí irọ́ tó ń pa fún ìyá ṣe di èyí tó ń pa fún ọmọ nìyẹn.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, kò lè jẹun mọ́. Ó pinnu pé òun yóò sọ ọ́. Ó bá Màmá níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó mú fóònù lọ́wọ́, ó ti tẹ ibi tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀.

"Màmá," ló pè é jẹ́jẹ́. Màmá kò gbọ́. Ó fi ọwọ́ ká a létí. "Màmá! Tonton Aymar..."

Ariwo yẹn ti tó. Bàbá Lábọ̀dé tó ń kọjá lọ yà wọlé. Àwọn obìnrin tó wà nídìí omi ẹ̀rọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. "Ó tún ti kọ̀wé," ni ọ̀kan nínú wọn wí, "ibo ló dé lónìí?" Màmá náà tú ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀wà, ó tẹ́ etí sílẹ̀, ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀. Tí Judith bá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, Màmá kò ní gbọ́. Tó bá sọ ọ́ sókè, gbogbo àgbàlá ni yóò gbọ́. Ó wo ojú gbogbo wọn.

"Ó ní òun lọ wo àwọn àpáta funfun tó wà létí òkun! Ó ní omi ibẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn ń rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nísàlẹ̀!"

"Kó rọra o," ni Màmá wí. "Aymar kò mọ omi í wẹ̀. Bá mi kìlọ̀ fún un."

"Màá kìlọ̀ fún un, Màmá."

Aymar kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹta ní ọjọ́ náà. Èyí tó kẹ́yìn kà báyìí pé: "Tí Màmá bá ń bínú sí mi, jọ̀ọ́, sọ fún mi. Mo mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti lọ, n kò tíì ṣe nǹkan kan fún un." Judith da ojú fóònù bolẹ̀. Kò fèsì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, fóònù kò dún rárá. Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sán kò tíì pọ́n tí Adèle fi ti ọjà dé, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, alábàáṣòwò rẹ̀ kan dì í mú. Moucharafou, ẹni tí òun àti Aymar jọ ń gbé yàrá kan ní Marseille, ló pè é. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ṣùgbọ́n Aymar kò jí.

A kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún abiyamọ bí kò ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ta ni yóò fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún Màmá? Adèle fi ọwọ́ ká ìyá rẹ̀ létí, ó pariwo ikú àbúrò rẹ̀ sí i nínú. Lẹ́ẹ̀mejì ló sọ ọ́.

"Omi ti gbé e," ni Màmá wí. "Mo sọ fún ọmọ yìí kó kìlọ̀ fún un nípa omi."

"Omi kọ́, Màmá! Ọkàn ni! Moucharafou ní ó ti pẹ́ tó ti ń ṣàìsàn, ó ní Judith ló ń kọ gbogbo rẹ̀ sí! Ó ní orí ìrọ̀rí ló gbé fóònù lé, ó ń retí ohùn yín títí wọ́n fi wá gbé e!"

Gbogbo ojú yí sí Judith. Ó ti wà lórí eékún.

"Kà á fún mi," ni Màmá wí. "Bó ṣe kọ ọ́ ni kí o kà á."

Judith kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ara ń dùn mí. N kò tíì ríṣẹ́. Ara ṣì ń dùn mí. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí èbúté, kò sí òkè, kò sí àpáta funfun. Nígbà tó dé ibi tí Aymar ti ní ohùn Màmá nìkan ni òun fẹ́, ohùn Judith fúnra rẹ̀ já.

"N kò gbọ́," ni Màmá wí. "Sọ ọ́ sókè."

Ó sọ ọ́ sókè, tòun ti ẹkún. Ó sì ka èyí tó kẹ́yìn pẹ̀lú, èyí tí Aymar fi béèrè bóyá Màmá ń bínú sí òun.

 Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ rẹ̀. "Àjàgbé. Àjàgbé ọmọ mi, ọmọ tí mo pọ̀n lọ sóko tí kò da oko rú..." Ó wo ojú ọ̀nà. "Ta ni mò ń kì?" ló béèrè. 

Màmá kò na Judith, kò sì ṣépè fún un. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, nígbà tí Judith tún lọ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́ bí ọmọkùnrin, ó ní, "Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n n kò lè gbé etí mi fún ọ mọ́." Láti ìgbà náà, tí ìwé tàbí ìròyìn kan bá dé, Abdoul tó ń ta káàdì fóònù ní ìkángun òpópónà ni Màmá máa ń ránṣẹ́ pè kó wá kà á. Judith a máa dúró sí ẹnu ọ̀nà, a sì máa gbọ́ ọ bí àlejò.

Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ nílé, tí ẹ̀ ń kàwé fún àwọn tí kò lè kà á, ẹ jẹ́ kí èyí yé yín. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Judith bẹ̀rù ojú àwọn tó ń gbọ́, ó gbàgbé ẹni tó rán an. Irọ́ tó bá dùn mọ́ni náà, irọ́ ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni Aymar béèrè, gbogbo ọjọ́ ayé Judith kò sì lè san án padà.