Ẹgbẹ́ Tí Agbẹ̀bí Dá Sílẹ̀

Ọjọ́ tí ìyàwó gómìnà sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin lẹ́nu ọ̀nà Agbẹ̀bí, gbogbo àdúgbò ló tú jáde wá wòran. Ìbọ̀wọ́ funfun rẹ̀ gùn dé ìgbọ̀nwọ́, àkẹtẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ ló fi wọlé. Láti olú-ìlú ló ti wá, kó lè so gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin orílẹ̀-èdè pọ̀ di ọ̀kan, kí òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ààrẹ.

Ẹgbẹ́ tó bá nínú yàrá Agbẹ̀bí kò tíì ní orúkọ. Ogun ló bí i. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ọkọ lọ sójú ogun, tí aboyún ń rọbí láìsí ẹni tó máa bu omi fún un, Agbẹ̀bí ló ń lọ láti ilé dé ilé, tó ń bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún òun ní ọ̀sán kan lọ́sẹ̀. Òun tó ń gbẹ̀bí gbogbo ìlú, Ọlọ́run ò fún un lọ́mọ kankan. Ìyáálé rẹ̀ ló fi í ṣẹ̀sín jù. Á dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ní, "Ìyàwó, àwọn aláìríṣẹ́-ṣe yín ti tún dé o! Ẹ má fi ẹrẹ̀ ba ilé jẹ́ fún wa." Síbẹ̀ àwọn obìnrin náà ń wá, wọ́n ń sè, wọ́n ń fọ̀, ọmọ tí ìbá kú sì ń yè.

Ìyàwó gómìnà, ààrẹ tuntun náà, yìn wọ́n. Ó ní ẹgbẹ́ ńlá yóò kọ́ ilé ìgbẹ̀bí fún wọn, tòun ti bẹ́ẹ̀dì irin àti omi ẹ̀rọ. Ayọ̀ gbalẹ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Òfin kan ṣoṣo ló wà. Ìyàwó olórùka, tí wọ́n gbé níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, nìkan ló lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́."

Gbogbo wọn ló lórùka, àfi Agbẹ̀bí, ìyàwó kejì.

Ó dìde, ó fẹ̀rín sẹ́nu. "Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má wo tèmi o. Ilé ìgbẹ̀bí jù mí lọ. Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Bí àlejò ṣe máa ń ní òun ti yó, tó sì ń retí kí wọ́n tún bẹ òun, bẹ́ẹ̀ ló ń retí kí ẹnì kan fò dìde, kó ní, "Ká má rí i!" Ó wo Aránṣọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ yọ, tí òun sì fọwọ́ ara òun gbà á là. Aránṣọ ń wolẹ̀.

"Ọlọ́run á san án fún ẹ," Aránṣọ sọ níkẹyìn. "Irú ẹ ṣọ̀wọ́n." Ló bá nawọ́ sókè láti fi gba òfin náà. Àwọn yòókù nawọ́ tẹ̀lé e.

Ààrẹ béèrè bóyá ilé náà kò ní ìyàwó olórùka tó lè rọ́pò Agbẹ̀bí. Àṣé ìyáálé ti ń pààrọ̀ aṣọ ní tirẹ̀! Ó wọlé, ó jókòó sórí àpótí Agbẹ̀bí.

"Ìyàwó, bu omi wá fún àlejò."

Agbẹ̀bí bù ú. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òun tiẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó sọ ló sọ.

Wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ̀bí náà lóòótọ́. Wọn ò jẹ́ kí Agbẹ̀bí fọwọ́ kan aboyún kankan níbẹ̀. Ọdún gorí ọdún, ọkọ rẹ̀ kú, ìyáálé náà kú, ẹgbẹ́ sì sin ìyáálé bí ẹni sin ọba. Ó wá ku Agbẹ̀bí nìkan nínú yàrá, pẹ̀lú orúnkún tí kò gbé e mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin méjì tó lẹ báàjì ẹgbẹ́ mọ́ àyà wọlé tọ̀ ọ́. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mama. Ẹgbẹ́ wa máa ń bẹ àwọn àgbà tí kò lẹ́nì kan wò." Ọ̀kan gbálẹ̀, èkejì fọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ìyáálé yín ló dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀, nínú yàrá yìí gan-an?" èyí tó ń fọ ẹsẹ̀ béèrè.

"Èmi ni mo dá a sílẹ̀," ni Agbẹ̀bí wí.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mama, ẹ̀yin náà ni," ọmọbìnrin náà dáhùn, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ó sì ṣẹ́jú sí ẹnìkejì rẹ̀. Ó fi aṣọ bo ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Agbẹ̀bí kí wọn kú iṣẹ́, ó sì kọjú sí ògiri.