Ẹni Tó Ń Jẹ Oúnjẹ Ìyá Ọmọ

"Gbé e kúrò níwájú mi kí òórùn rẹ̀ tó yí mi lérò padà," ni ẹ̀gbọ́n Tínrín wí, ó sì fi ìka kan ti abọ́ náà sẹ́yìn.

Ẹ̀dọ̀ màlúù ló wà nínú abọ́ yẹn, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹyin méjì. Ìyá wọn ló sè é gbé wá kó tó lọ síbi iṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ, níbi tó ti ń lọ aṣọ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bímọ ni nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tó dà lára rẹ̀ pọ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oúnjẹ rẹ̀ nígbà tó wà nínú oyún, kí wọ́n má ṣe dáwọ́ dúró: kó máa jẹ ẹran, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹ̀fọ́, kó sì máa mu omi dáadáa, torí òun àti ọmọ ni wọ́n jọ ń jẹun. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, kò tíì lè wálé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí Tínrín wá gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà ìsinmi ilé ìwé, kó máa gbé oúnjẹ fún un, kó sì rí i pé ó jẹ ẹ́.

Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Tínrín. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó ga, kò lẹ́ran lára, wọ́n sì máa ń ní bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ kó tètè di ògiri mú.

"Ṣùgbọ́n Àǹtí, Màámi ní kí ẹ jẹ ẹ́ tán."

"Ṣé Màámi ló máa bá mi wọ síkẹ́ẹ̀tì yẹn?" Ẹ̀gbọ́n nawọ́ sí aṣọ iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tó fi kọ́ ara ògiri. Ìdí káńtà ló ń jókòó sí, òun ló ń kí àwọn àlejò káàbọ̀. "Oṣù méjì péré ni wọ́n fún mi. Máníjà ní ẹni tó bá sanra ju aṣọ rẹ̀ lọ, kó má wulẹ̀ padà wá. Bá mi jẹ ẹ́, àbúrò mi. Àwa méjèèjì la jọ mọ̀ ọ́n."

Ẹ má tíì bú Tínrín. Nílé wọn, ẹran kì í wọ́pọ̀, ẹ̀gbọ́n yìí ló sì kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Ó jẹ ẹ̀dọ̀, ó jẹ ẹyin, ó fi ìka nu abọ́. Nígbà tí ìyá wọn dé nírọ̀lẹ́, ó yẹ abọ́ wò, inú rẹ̀ sì dùn.

"Ṣé ó jẹ ẹ́?"

"Wọ́n jẹ ẹ́ tán, Màámi."

Bí irọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀, ẹ̀gbọ́n á fi téèpù wọn ìbàdí, á mu tíì tí kò ní mílíìkì, á já búrẹ́dì bíńtín sẹ́nu. Tínrín á jẹ ìyókù. Ìyá wọn rí i pé ẹ̀gbọ́n ń rù, ó rò pé àìsùn ni, ńṣe ló tún ń bu kún oúnjẹ. Kó tó tó oṣù kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tínrín ti kún, àwọn aládùúgbò sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Àbí ìwọ lo bímọ ni?" Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìkókó á fa ọmú títí, á tu ú sílẹ̀, á ké. Nígbà tó yá, igbe rẹ̀ kò dún mọ́, ó kàn ń yanu lásán. Tínrín rí i, ẹ̀rù sì ń bà á. Ṣùgbọ́n bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó wo káàdì, ó tún un gbé.

"Ọmọ yìí fúyẹ́ ju ọjọ́ tí wọ́n bí i lọ! Kí ni ìyá rẹ̀ ń jẹ?"

Ìyá wọn ló dáhùn. Ó ń fi ìka kà wọ́n: ẹ̀dọ̀, ẹja, ẹ̀wà, ẹyin. "Ọwọ́ mi ni mo fi ń sè é, nọ́ọ̀sì. Ẹ bi àbúrò rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí Tínrín. "Ṣé lóòótọ́ ló ń jẹ ẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́ ọn, ojú yẹn ń bẹ̀ ẹ́. Tínrín mọ̀ pé ibí yìí gan-an ló yẹ kí òun ti sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ń jẹ ẹ́ tán, Mà."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìyá bá ń jẹun tó bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ara ọmọ ni àìsàn wà. Ni wọ́n bá ń gbé ìkókó lọ, wọ́n ń gbé e bọ̀, wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí tirẹ̀ kò tó, wọ́n ń wá àrùn tí kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi wá a. Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ̀gbọ́n dìde nílé láti mu omi, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Tínrín figbe ta, àwọn aládùúgbò sì sáré gbé ìyá àti ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà fa ìpéǹpéjú ẹ̀gbọ́n sílẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ kò sí lára obìnrin yìí. Ebi ló fẹ́ pa á."

"Ebi kẹ̀?" ni ìyá wọn, tó ti sáré ti ibi iṣẹ́ dé, wí.

Tínrín bú sẹ́kún. "Èmi ni mò ń jẹ ẹ́, Màámi. Gbogbo ẹ̀ pátá. Èmi ni."

Ìyá wọn kò gbá a létí. Ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Búrẹ́dì gbígbẹ ni mò ń jẹ níbi iṣẹ́," ó wí jẹ́ẹ́. "Mo rò pé ọmọ ọmọ mi ni mò ń bọ́."

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n lára, wọ́n sì ń fi ṣíbí bu mílíìkì sí ìkókó lẹ́nu, ṣùgbọ́n agbára tó máa fi gbé e mì ti tán. Ìkókó náà kú láàárọ̀ ọjọ́ kẹta.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni omi ọmú dé. Ẹ̀gbọ́n ti ń jẹun gidi ní wọ́ọ̀dù, wọ́n sì ti kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fún ọmú, kí ọmọ lè rí nǹkan mu. Omi náà dé, ó ń ro, ó rin aṣọ ẹ̀gbọ́n gbingbin, kò sì sí ẹni tí yóò mu ún. Tínrín ló ń bá a nu ún.

Aboyún àti ìyá ọmọ kì í jẹun fún ara wọn nìkan, ẹni tó bá sì bá wọn fi ebi pamọ́ kò ṣe wọ́n lóore, bó ti wù kó fẹ́ràn wọn tó. Tínrín fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dénú. Ìbéèrè kan péré ni nọ́ọ̀sì bi í. Ká ní ó dáhùn bó ṣe yẹ ni, ọmọ náà ì bá ti máa dá jókòó báyìí.