Ìlọ́po Méje

Tí ẹ bá ń wá òmùgọ̀ inú ìtàn yìí, ẹ má lọ jìnnà: Màmá Sàdíátù ni. Òun ló ní kí Akínwándé kọ́kọ́ lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé bọ̀ láti London kó tó wá tọrọ Títílọpẹ́, ọmọ ọmọ òun. Kí ló fà á? Kí òun lè máa yan fàndà ní Ìyànà Ìbà pé àna òun ti Òkè-Òkun dé! Ìdí ńlá bíi tirẹ̀, tó kún orí àpótí, ọgbọ́n ò tó nǹkan.

Ní ìsọ̀ ìwé àti báírò Màmá ni àwọn méjèèjì ti pàdé, lọ́dún 1986. Ọmọ Èkìtì ni Akínwándé, ó ń kọ́ni ní ìṣirò ní yunifásítì. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló wá ra ṣọ́ọ̀kì láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

"Tíṣà," Màmá ní, "ṣé o ń jẹ ṣọ́ọ̀kì ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ 142857 sára páálí ṣọ́ọ̀kì, ó sì tì í sọ́dọ̀ Títílọpẹ́. "Sọ ọ́ di ìlọ́po méjì."

Títílọpẹ́ ṣe é. "285714. Háà! Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà ni! Wọ́n kàn pààrọ̀ ìjókòó."

"Títí dé ìlọ́po mẹ́fà, wọn ò ní fi ara wọn sílẹ̀. Bí ìfẹ́ mi sí ọ ṣe rí nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́ mi."

"Ìlọ́po méje ńkọ́?" Màmá bi í.

Ẹ̀rín kúrò lójú Akínwándé. "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀."

Nígbà tó ń lọ sí London lọ́dún 1987, ó dá Títílọpẹ́ lẹ́kún. "Lọ́dọọdún ni màá máa kọ nọ́ńbà wa sórí lẹ́tà, ní ìlọ́po iye ọdún. Kó tó di méje, mo ti dé."

Lẹ́tà àkọ́kọ́ dé, ojú ewé mẹ́ta, "ayọ̀ ọkàn mi" kún inú rẹ̀. Ìkejì dé, ìkẹta dé. Bàṣírù tó ń ta rédíò l'Álábà wá tọrọ Títílọpẹ́. Títílọpẹ́ ní òun ti lọ́kọ. Ìkẹrin jẹ́ ojú ewé kan. Nínú ìkarùn-ún, kò sí "ayọ̀ ọkàn mi" mọ́. Ìkẹfà jẹ́ ìlà méjì péré: 857142. Ara mi le.

"Nọ́ńbà náà ṣì pé," Títílọpẹ́ wí.

"Ó pé," Màmá dáhùn. "Jọ̀ọ́, bá mi ṣe ti méje."

Títílọpẹ́ ò fẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣe é. 999999.

Màmá tẹjú mọ́ ìwé náà. Nínú àwọn mẹ́fà àná, kò ku ẹyọ kan. Àjèjì kan ṣoṣo ló jókòó sí àyè gbogbo wọn.

Lọ́dún keje, lẹ́tà dé.

"999999," Títílọpẹ́ kà á sókè. "Mo ti gbéyàwó níbí. Má dúró dè mí mọ́."

Kò sunkún. Ó ká lẹ́tà náà sínú páálí ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to báírò.

Màmá, tó fi ẹnu ara rẹ̀ lé ọkọ ọmọ lọ, fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Àbẹ̀kẹ́, ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, méje kọ́ ni òpin: ìlọ́po mẹ́jọ ńkọ́?"

Títílọpẹ́ mú báírò kan, ó kọ 1142856: 7 nìkan ló lọ, àwọn márùn-ún yòókù ti padà.