Ìyàwó Ajíhìnrere Nawọ́

Ọjọ́ tí obìnrin télọ̀ kan kọ́kọ́ pàdé ọkùnrin tó padà wá di ọkọ rẹ̀, ìpàdé ìjọ ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. Ìjọ Onítẹ̀bọmi kì í dá nǹkan ṣe láìnawọ́ sókè dìbò. Bí ẹsẹ̀ àga kan bá kán, gbogbo ìjọ ni yóò nawọ́ sí i kí káfíńtà tó gbé òòlù. Lọ́jọ́ náà ṣá, ọ̀rọ̀ kọjá ti àga. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dìde níwájú, ó ní Ọlọ́run ń pe òun sí òkè òkun láti lọ wàásù. Alága ní kí ẹni tó bá fọwọ́ sí i nawọ́. Ọwọ́ lọ sókè bí àgbàdo tó rójò. Ti télọ̀ nìkan ló jókòó sórí itan rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rí i. Bí ìpàdé ti tú, ó dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Arábìnrin, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Bọ́tìnì tó já lára kóòtù yín, píìnì lẹ fi há a. Ẹni tí ò lè rán bọ́tìnì, ta ni yóò máa tọ́jú ẹ̀ níbi tí kò ti ní ará, tí kò ti ní ojúlùmọ̀?"

Ọkùnrin náà wo àyà ara rẹ̀, ẹ̀rín pa á. "Ẹ bá mi rán an nígbà náà, kẹ́ ẹ lè nawọ́ fún mi lọ́jọ́ mìíràn."

Ó rán an. Kò pẹ́, kò jìnnà, ìfẹ́ ti tẹ̀ lé bọ́tìnì wọlé. Ìyá télọ̀ sunkún. "Ọmọ mi, ẹni tó bá fẹ́ ẹyẹ, kó múra àtisùn lórí igi." Ẹ̀gbọ́n ọkọ, obìnrin tó tọ́ ọkọ náà dàgbà, kìlọ̀ tirẹ̀: "Ìyàwó ajíhìnrere kì í ní ẹnu tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ibi tí ọkọ bá kọjú sí ni kó o kọjú sí."

Télọ̀ gbọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n kó tó gbà, ó béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Bí ọ̀rọ̀ bá kan èmi tàbí ọmọ tí Ọlọ́run bá fún wa, kẹ́ ẹ tó bi ẹnikẹ́ni, èmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi."

"Ìwọ ni n ó kọ́kọ́ bi, Télọ̀ mi."

Wọ́n ṣègbéyàwó, wọ́n lọ. Òkè òkun ò jọ àwòrán tí wọ́n máa ń fi hàn wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Yàrá méjì lókè ilé ìjọsìn, omi ẹ̀rọ tó tutù ju ojú elénìní lọ, èdè tó kọ́kọ́ há télọ̀ lọ́fun bí eegun ẹja. Òun ló ń rán aṣọ ìrìbọmi fún gbogbo ìjọ, tó ń rán irin kéékèèké mọ́ etí aṣọ kó má baà léfòó bí ènìyàn bá wọ inú omi. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ ìsinmi. Òun ló ń se oúnjẹ fún àlejò tí ọkọ bá kó wálé láìsọ tẹ́lẹ̀. Bí ọkọ bá sì rìnrìn àjò ìwàásù, òun ni ìyá, òun ni bàbá fún ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Nítorí bí ọmọ náà ṣe rí tẹ́ẹ́rẹ́, Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é.

Télọ̀ kì í ráhùn. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, ọkọ náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Láti orí àtẹ̀gùn ni yóò ti máa pariwo bọ̀: "Télọ̀ mi dà?"

Abẹ́rẹ́ ti di ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí ọ̀rọ̀ dé. Ní ìpàdé ìjọ, ajíhìnrere dìde. Ó ní ìlú kan wà lẹ́yìn àwọn òkè tí ẹnikẹ́ni ò tíì wàásù dé, òun àti ìyàwó òun yóò kó lọ síbẹ̀. Nítorí pé kò sí ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀, Abẹ́rẹ́ yóò lọ máa gbé ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ míṣọ́nnárì, ìrìn ọjọ́ kan gbáko nínú ọkọ̀ ojú irin. Yóò máa wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ibẹ̀ ni télọ̀ ti gbọ́ ọ, nígbà kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ara rẹ̀ tutù bí ẹni tí wọ́n rì bọ omi láìwí fún un.

Díákónì àgbà, tó jẹ́ alága, ní kí wọ́n nawọ́. Wọ́n nawọ́. "Ta ló ta kò ó?" Ó béèrè bí ẹni ń bi ọmọdé bóyá ó kọ ẹran, àwọn kan ti ń wá fìlà wọn.

Télọ̀ nawọ́.

"Màmá," díákónì rọra ní, "bóyá ẹ ò gbọ́ ìbéèrè yẹn dáadáa?"

"Etí mi ò di, bàbá. Mo ta kò ó."

Ajíhìnrere ń wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kì í ṣẹ́gun ọ̀pọ̀ ọwọ́. Alága ní ọ̀rọ̀ ti wọlé.

Bí wọ́n ti dé yàrá, ọkọ ò lè jókòó.

"O dójú tì mí."

"Èmi tí wọ́n pín ọmọ mi lójú agbo bí ẹran, ojú ò tì mí?"

"Iṣẹ́ Ọlọ́run ni!"

"Mo mọ̀. Ṣé Ọlọ́run náà ló ní kẹ́ ẹ má sọ fún mi?"

Láti ọjọ́ náà, ilé dà bí ilé tí wọ́n ti ń ṣàárẹ̀: wọ́n ń rìn jẹ́ẹ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń pe Télọ̀ mi mọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ pè lórí fóònù. Àbúrò rẹ̀ ti rojọ́.

"Ìyàwó, ṣé bá a ṣe bá ẹ sọ ọ́ nìyẹn? O fa ọkọ ẹ láṣọ ya lójú ọmọ aráyé?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí ìyá yín kú, wọ́n ní kẹ́ ẹ fi àbúrò yín ránṣẹ́ sọ́dọ̀ àjèjì. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọ̀?"

Ohùn ẹ̀gbọ́n ọkọ rọ̀. "Ọmọ kékeré ni nígbà náà," ó ní. Ó ní ó dàárọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin máa gbéra, ajíhìnrere bọ́ sí yàrá ìgbàlejò, ó bá àpótí méjì lẹ́nu ọ̀nà. Kékeré kan, ńlá kan. Abẹ́rẹ́ jókòó sórí kékeré náà, ó ń jẹ èékánná.

"Ta ló ni ìkejì?"

"Èmi ni," ni télọ̀ wí. "Ibi tí ọmọ mi bá ń gbé, èmi náà á rí yàrá níbẹ̀, màá máa ránṣọ. Ẹ máa lọ sí òkè yín, Bàbá Abẹ́rẹ́. Mi ò dí yín lọ́nà."

Ọkùnrin náà wo àpótí, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó nawọ́ mú kóòtù rẹ̀ lára ìṣó, ó fẹ́ wọ̀ ọ́. Bọ́tìnì kan já bọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá píìnì. Télọ̀ gba kóòtù náà lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó jókòó, ó ń rán an. Ojú rẹ̀ le koko, omijé sì ń já sórí aṣọ.

Ọkùnrin náà dúró, ó ń wo ọwọ́ yẹn.

"Télọ̀ mi," ó ní. "Mo gbàgbé láti bi ẹ́."

"Ẹ ò gbàgbé. Ẹ̀rù ìdáhùn mi ló bà yín."

Ó kúnlẹ̀ ti àga rẹ̀. "Òótọ́ ni. Mo mọ̀ pé wàá ní rárá. Mo sì mọ̀ pé bó o bá ní rárá, mi ò ní lè lọ. Ni mo bá fi ìjọ bò ẹ́ mọ́lẹ̀. Dárí jì mí. Mo bi ẹ́ báyìí: kí ni ìwọ wí?"

Télọ̀ fi eyín gé òwú. "Ibi tẹ́ ẹ ti fi mí sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wá mú mi. Ẹ lọ bi mí níbẹ̀, lójú ìjọ."

Ọkọ̀ ojú irin lọ láìgbé wọn. Lọ́jọ́ ìsinmi, ajíhìnrere dìde níwájú ìjọ. Ó ní òun gbé ọ̀rọ̀ wá sí gbangba tí òun ò kọ́kọ́ gbé dé ilé. Ó ní òun yóò máa lọ wàásù lẹ́yìn òkè, òun yóò sì máa padà sọ́dọ̀ ìyàwó àti ọmọ òun, títí ibẹ̀ yóò fi ní ilé ẹ̀kọ́. Abẹ́rẹ́ ò ní lọ síbì kankan. Lẹ́yìn náà ló yíjú.

"Télọ̀ mi, ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń bi."

Ọwọ́ Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ lọ sókè.

"Ìwọ ọmọ yìí," díákónì àgbà ní, "o ò tíì ṣèrìbọmi, o ò lè dìbò."

"Ṣebí èmi lẹ fẹ́ rán lọ, bàbá?"

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Télọ̀ nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí itan, bó ṣe wà lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ẹ̀rín rọlẹ̀. Ajíhìnrere di bọ́tìnì kóòtù rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ rì.

Nígbà náà ni ìyàwó rẹ̀ nawọ́ fún un.